Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Ń Kọsẹ̀ Lójú Ọ̀run

Olóòtú ìwé wa yìí ti bẹ̀ wá pé kí olúkúlùkù wa tí ó lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni kọ ohun kan tí ó rí kọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹ kọ́. Èmi yóò kọ ti èmi nípa ẹ̀rọ kan tí ó kọ́ mi, nítorí pé òun ni ó fi ẹ̀bi mi hàn mí kí n tó rí i lára ọmọ ènìyàn.

Elegbeka ni a bí mi sí, lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, níbẹ̀ náà ni a sì rán mi padà sí láti lọ kọ́ni. Kíláàsì karùn-ún ni a fi lé mi lọ́wọ́, ọmọ 38 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ omi àti ọkọ̀ òfúrufú. Mo bèèrè pé ta ni ó ti rí bàálù nílẹ̀ rí. Kò sí ọmọ kan tí ó nawọ́. Òkè réré ni gbogbo wọn ti ń rí i, bí ó ti ń kọjá lọ bí lékèélékèé lórí oko kòkó àwọn bàbá wọn.

Pápá ọkọ̀ òfúrufú Àkúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀ gan-an ni ó wà. Mo tọ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ, mo ní kí a kó àwọn ọmọ lọ wò ó. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n òbí wo ni yóò gbà kí a gbé ọmọ rẹ̀ gba ojú ọ̀nà wa yìí?" Mo dákẹ́, nítorí pé ohun tí ó ń wí yé mi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Elegbeka wa níhìn-ín, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí ilé. Ọ̀nà tí kò mọ ojú ọba, ṣé yóò mọ ojú ọmọ tálákà?

Nígbà náà ni mo rántí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Àlòkù ni, ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Èkó ni ó fi ta mí lọ́rẹ. Inú rẹ̀ ni mo gba FlightGear sí, èyí tí í ṣe ètò kan tí ń fi ilẹ̀ àti ojú ọ̀run han ènìyàn gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ òfúrufú ti ń rí wọn, tí a sì lè jókòó sórí àga nínú ilé kí a máa fi í wa ọkọ̀ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 1996 ni àwọn ènìyàn ti dá a lábàá, láti ìgbà náà ni àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ púpọ̀ sì ti ń tún un ṣe láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wí nínú ọkàn mi pé, bí àwọn ọmọ kò bá lè lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú, pápá náà yóò tọ̀ wọ́n wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní eré lásán. Ní ọdún 1929 ni ará Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Edwin Link, ọmọ ẹni tí ń ṣe dùùrù, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó dàbí ọkọ̀ òfúrufú kékeré, ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀. Ẹwìrì irú èyí tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù ni ó fi ń gbé e sókè, tí ó fi ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ lè kọ́ bí a ti ń darí ọkọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a ṣe ju 10,000 lọ. Ìdí rẹ̀ kò farasin: ẹni tí ó bá ṣubú nínú ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ yóò dìde, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ti òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú tí ó gbé òkú gómìnà wa àtijọ́, Ọ̀mọ̀wé Olusegun Agagu, láti Èkó bọ̀ ní Àkúrẹ́, já lulẹ̀ ní kété tí ó gbéra, tí ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà mi kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ bàálù mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹnu ya àwọn ọmọ náà. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo wọ inú ètò náà, mo sì fi ohun gbogbo sí òpin agbára rẹ̀: igi kí ó pọ̀ bí igbó, ilé kí ó pọ̀ bí ti Èkó, àwọsánmà kí ó nípọn, omi kí ó máa dán, kí ojú sì ríran títí dé ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run. N kò dán an wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo tẹ́ aṣọ tí a ṣẹ́ po sórí tábìlì, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé e bí ẹni gbé ọmọ ọba, a fi aṣọ bo ojú fèrèsé, àwọn ọmọ sì pagbo yí mi ká.

Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nu kan náà wà ní ojú pápá Èkó. Mo ní kí ó máa sáré. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó fò síwájú, ó tún dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí sínímá ti ń ṣe yóò mọ̀ pé kò sí àwòrán tí ń rìn ní tòótọ́. Àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni a ń fi hàn tẹ̀lé ara wọn kíákíá, 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ojú wa fi ń so wọ́n pọ̀. Kọ̀ǹpútà náà bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ní láti ya àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àyàtuntun kí ó tó fi í hàn. Bí kò bá rí i yà tó, ojú kò ní rí ìrìn mọ́, ìkọsẹ̀ ni yóò máa rí. Ewu rẹ̀ kò sì mọ sí ojú nìkan. Bí mo bá yí ọkọ̀ sósì, n kò ní rí i pé ó ti yí títí àwòrán kejì yóò fi dé. Èmi yóò sì tún yí i sí i. Nígbà tí àwòrán bá dé, yóò ti yí rékọjá. Èmi yóò fà á padà sọ́tùn-ún, èyí náà yóò sì pọ̀ jù. Báyìí ni mo ṣe ń fì kiri lójú ọ̀run bí ọ̀mùtí, títí mo fi forí ọkọ̀ náà sọlẹ̀.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Tíṣà, bàálù yín náà, Ìgbín ni!"

Níhìn-ín ni mo ní láti jẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí ń jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí mo bá kọ ẹ̀kọ́ sára pátákó, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti parí, òun yóò ṣì wà ní ìlà kẹta. Mo ti bá a wí títí, mo ti mú un dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ sí ilé, kò yí padà. Ní ọjọ́ kan ni mo pè é ní Ìgbín níwájú gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní ọjọ́ Ẹtì yìí, nígbà tí a fi orúkọ kan náà pe ẹ̀rọ mi, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo ẹlẹ́ṣẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Inú bí mi. Mo fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ náà, mo ní ọ̀lẹ ni, mo sì pinnu láti tà á. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀lẹ yìí." Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó ní, "Tíṣà, ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń falẹ̀, tàbí ó ń ṣe dáadáa ná kí ó tó rẹ̀ ẹ́? Àbí ṣé ó ń sáré, tí ó kàn ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan?" N kò lè dáhùn, nítorí pé n kò kíyè sí i rí. Mo kàn mọ̀ pé ó falẹ̀ ni.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àìsàn mẹ́ta ni wọ́n, oògùn wọn kò sì jọ ara wọn. Èyí tí ó falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹrù rẹ̀ ni ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí ó sì wá rọlẹ̀, ooru ni ó mú un, nítorí pé nígbà tí ara ẹ̀rọ bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ a máa dín ìsáré rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Èyí tí ó ń sáré tí ó ń dúró, ó ń dúró de ohun kan tí kò tíì dé ni, bí ilẹ̀ àti ilé tí ó ní láti gbé wá láti inú àpótí ìkóǹkansí rẹ̀ tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, eruku ọyẹ́ sì wà lára fáànù rẹ̀ bí òwú. Ó gbọ̀n ọ́n dànù. Nígbà tí ó gbọ́ pé orí aṣọ ni mo gbé e lé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi aṣọ dí i nímú, ẹ sì ní kí ó máa sáré." Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ẹ lọ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣe é."

Mo padà sí ilé, mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀. FlightGear lè máa fi iye àwòrán tí ó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan hàn ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, 7 ni. Ojú tì mí: mo ń retí 24 lọ́wọ́ ẹni tí ń fún mi ní 7, n kò sì bi í léèrè rí pé kí ló dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo tan jẹnẹrétọ̀, mo sì so ó mọ́ ọn, nítorí pé orí bátìrì ni mo ti ń lò ó, kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí bátìrì a sì máa ṣọ́ agbára jẹ. Mo wọ inú ètò iná rẹ̀, mo ní kí ó lo gbogbo agbára rẹ̀. Ó di 10. Èkejì, mo gba ètò kékeré kan ní ọ̀tun, èyí tí ń ṣe ògbifọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà àti ẹ̀yà rẹ̀ tí ń ya àwòrán. Driver ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é. Ògbifọ̀ tí kò gbọ́ èdè dáadáa a máa fa ìwàásù gùn. Ó di 12.

Nígbà náà ni mo wá kan ẹrù tí èmi fúnra mi dì. Mo mú àwọn igi kúrò, ó di 17. Mo mú àwọn ilé tí kò ṣe pàtàkì kúrò, ó di 20. Mo sọ àwọsánmà tí ó nípọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó di 24. Ó ku bí ojú ti ń ríran jìnnà tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, igi tí ó wà ní òdìkejì oko lè má hàn sí ènìyàn, síbẹ̀ àgbẹ̀ kò ṣìnà lọ sí oko rẹ̀. Mo dín in kù díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ sì bo òkèèrè, ẹ̀rọ náà kò ní láti ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́. Ó di 29.

Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n bí mo ti ń fò lọ, iye náà ń ṣe 29, ó ń ṣe 16, ó tún ń ṣe 28, ojú sì ń rí ìkọsẹ̀ síbẹ̀. Mo wá fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ju 24 lọ. Ẹ wò ó, nígbà tí mo dín ìsáré rẹ̀ kù ni ìrìn rẹ̀ tó gún régé, nítorí pé ó wá ní àyè láti mí. Ohun tí ó kù ni ìdúró ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé ètò náà ń wá ilẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní àárín ìrìn àjò, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wa kì í ti í dúró. Mo padà lọ sí Ọ̀wọ̀, mo gba ilẹ̀ tí ó wà láti Èkó dé Àkúrẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà, mo sì ti ìlẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ìdúró náà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè fara dà á. Kọ̀ǹpútà kan náà ni, n kò fi kọ́bọ̀ kan kún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, mo gbé e lé orí pátákó lásán, a tún fi aṣọ bo fèrèsé. Ọkọ̀ náà sáré, ó gbéra, Èkó sì sún sẹ́yìn lábẹ́ wa. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn, ohùn tí n kì í sábà gbọ́. Ó ní, "Tíṣà, igi kò sí nílẹ̀ mọ́. Nígbà ìjọ́sí, igi pọ̀ níbẹ̀." Gbogbo wọn yíjú sí i. Mo ní òótọ́ ni, èmi ni mo mú wọn kúrò. Ó ronú díẹ̀, ó sì wí pé, "Ìdí nìyẹn tí ó fi lè fò, sà. Ẹ ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí mo pè ní Ìgbín ni ó wí bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ 38, òun nìkan ni ó rí ohun tí ó yí padà, tí ó sì mọ ìdí rẹ̀.

N kò sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè mẹ́ta kí n tó dá a lẹ́jọ́, n kò sì bi ọmọ ènìyàn ní ẹyọ kan. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ jókòó ti ọmọ náà lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn, mo sì wo pátákó láti ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ mi kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwòrán wà ní ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì bo apá kan tí lẹ́tà kò fi hàn. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo tún máa ń ṣàlàyé, tí mo sì ń béèrè ìbéèrè. Mo bi í pé nígbà wo ni ó máa ń falẹ̀. Ó ní bí òun bá ń kọ̀wé tí mo ń sọ̀rọ̀, òun a máa dúró láti gbọ́ mi, bí òun bá sì padà sí ìwé, òun kì í rí ibi tí òun dé mọ́. Àrùn kẹta ni: ó ń dúró de ohun tí kò tíì dé. Èmi sì ni mo fi ṣe é.

Mo mú un wá sí iwájú. Mo dín ohun tí mo ń kọ sára pátákó kù sí ìdajì, nígbà tí wọ́n bá sì ń kọ̀wé, mo ń dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé ó di ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá, ṣùgbọ́n ó ń parí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó kọ sì ń tọ̀nà ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sáré lọ. Mo tún dúró níwájú wọn, mo ní orúkọ tí mo fún un kò dára, èmi ni mo ṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí le fún mi ju gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lọ.

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwọ ẹlẹgbẹ́ mi tí a ó rán lọ sí kíláàsì ní sáà tí ń bọ̀, bí ọmọ kan bá ń kọsẹ̀ lójú rẹ, kọ́kọ́ béèrè bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tàbí ó rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ó ń dúró de nǹkan. Lẹ́yìn náà kí o yẹ ẹrù tí o dì lé e lórí wò, kí o sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àjákọ mi náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lójú ewé kan ni iye àwòrán kọ̀ǹpútà mi wà, láti 7 dé 24. Ní òdìkejì rẹ̀ ni mo kọ iye ìlà tí ọmọ náà ń kọ lójúmọ́ sí, láti 3 títí ó fi parí.